Òru Màólúdì: Ẹ Jẹ́ Kí Ayọ̀ Wa Bá Wa Délé



Bí oṣù Rábíù-l-Áwálì bá ti lé, ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí ó kàn. Àwọn ẹgbẹ́ àṣáláátù á dá aṣọ, àwọn ìyá wa oníṣòwò á tètè palẹ̀ ọjà mọ́, ẹní, ìrọ̀rí àti kúlà oúnjẹ á wọ inú ọkọ̀, ó di pápá. Níbẹ̀ ni a ó ti gbọ́ wáàsí, tí àwọn olórin yóò sì fi wákà àti orin ẹ̀sìn yin Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìpàgọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń bẹ, èyí tí ẹgbẹ́ MSSN, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, máa ń ṣe nígbà ìsinmi, tí àwọn ọmọ wa yóò sùn níta ilé fún ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn kan ń jiyàn bóyá ó yẹ kí a ṣe Màólúdì tàbí kò yẹ. Ti àwọn àlùfáà nìyẹn, kì í ṣe òun ni a fẹ́ sọ lónìí. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ẹni tí ó bá jáde nílé lọ sí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sílé láàyè àti ní àlàáfíà. Ẹni tí ó pe èrò jọ ni ojúṣe yìí kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kí ó tó kan ẹni tí a pè.

ẸNU GÉÈTÌ

Kò tíì pẹ́ tí ojú wa rí ohun tí ó rí. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 Oṣù Kejìlá ọdún 2024, a pe àwọn ọmọdé wá ṣeré ọdún ní ọgbà Islamic High School, Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn. Tayọ̀tayọ̀ ni àwọn ìyá fi wẹ ọmọ wọn, tí wọ́n sì mú wọn lọ. Èrò pọ̀ ju ohun tí ibẹ̀ lè gbà, wọ́n há mọ́ra, ọmọ 35 sì kú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, ìpín oúnjẹ ọdún tún dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òkìjà àti ní Àbújá.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń pa ènìyàn nínú irú ìhámọ́ra bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ wọ́n pa. Ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n àìrí àyè mí ni ó ń pa èyí tí ó pọ̀ jù. Èrò yóò fún àyà ènìyàn pọ̀ débi pé kò ní lè fẹ̀ láti gba afẹ́fẹ́, ẹlòmíràn a sì kú lórí ìdúró. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀. Ó rò pé ọ̀nà là níwájú, ó sì ń tì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Mínà ní ọjọ́ 24 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, nígbà tí ọ̀wọ́ Àlàájì méjì pàdé ní oríta, tí àròpọ̀ iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kà nínú òkú rẹ̀ sì ju 2,000 lọ. Àwọn tí ó kú wọ̀nyí kì í ṣe aláìgbọràn. Àdúrà wà lẹ́nu wọn.

Nítorí náà, bí o bá rí i pé èjìká àwọn ẹlòmíràn ti ń kan tìrẹ lọ́tùn-ún àti lósì, tí o kò sì lè gbé ọwọ́ rẹ sókè fàlàlà, àsìkò àtikúrò ti tó. Má ṣe dúró gbọ́ orin kan sí i. Bí o bá ti há sáàárín, ká ọwọ́ méjèèjì sí iwájú àyà kí o lè ráyè mí. Má ṣe bá èrò jà, bá wọn lọ bí wọ́n ti ń lọ, kí o sì máa yà díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí bàtà tàbí gèlè bá jábọ́, jẹ́ kí ó lọ, má ṣe bẹ̀rẹ̀ mú un. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ, sọ ọ́ kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó le, kí o gbé e lé èjìká níbi tí afẹ́fẹ́ wà.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ṣí ju géètì kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àbáwọlé yàtọ̀ sí ọ̀nà àbájáde, kí ẹnikẹ́ni má sì ti èyíkéyìí pa nígbà tí èrò bá wà nínú. Bí pápá bá ti kún, ẹ sọ ọ́ síta, kí ẹ dá àwọn tí ń bọ̀ padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe sàráà oúnjẹ tàbí aṣọ, ẹ má ṣe pín in lẹ́nu géètì. Ẹ gbé e tọ àwọn ènìyàn lọ níbi tí wọ́n jókòó sí.

INÁ ÀTI ÈÉFÍN

Kò sí oníṣòwò Ọ̀yọ́ tí a ní láti kọ́ ní ẹ̀kọ́ iná. Gbogbo wa ni a rántí ọjọ́ 5 Oṣù Kìíní ọdún 2020, nígbà tí iná jó ọjà Akẹ́sán. A ti tún ọjà náà kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pàdánù ọjà rẹ̀ kò gbàgbé. Ní ọdún 1997, iná gba àgọ́ àwọn Àlàájì ní Mínà, ènìyàn tí ó ju 340 lọ ló kú. Láti ìgbà náà ni ìjọba ibẹ̀ ti fi àgọ́ tí iná kì í tètè ràn rọ́pò àwọn ti tẹ́lẹ̀. Àtíbàbà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ lásán àti ọ̀rá ni.

Nítorí náà, kí sítóòfù àti sìlíńdà gáàsì wà ní ìta, jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn. Kí a má ṣe tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ànọ́bì wa pàápàá ti pàṣẹ pé kí a má ṣe sun oorun kí a fi iná sílẹ̀ tí ń jó, kí a sì máa bo ohun èlò omi wa lóru.

Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tí ń gbé ohùn olórin jáde náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, tí í sì í pa ẹni tí ń sùn láìjí. Ẹ gbé e sí ìta gbangba, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ibi tí ènìyàn wà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá kan, tí èébì sì ń gbé wọn, ẹ tètè gbé wọn jáde sí afẹ́fẹ́. Ti ohùn orin ńkọ́? Bí o bá ní láti pariwo kí ẹni tí ó wà ní apá kan sí ọ tó gbọ́, ariwo náà ti pọ̀ jù fún etí. Ẹ má ṣe tẹ́ ọmọ ọwọ́ sí iwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

OMI, OÚNJẸ ÀTI Ẹ̀FỌN

Màólúdì ń tẹ̀lé òṣùpá, nítorí náà ni ó fi ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ní ọdún 2025, inú Oṣù Kẹsàn-án ni ó bọ́ sí, ìyẹn ìgbà òjò. Òjò túmọ̀ sí ẹ̀fọn, ẹrẹ̀ àti omi ìdọ̀tí. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri, òru gan-an ni í máa ń jẹni, nítorí náà ẹ mú àwọ̀n dání fún àwọn ọmọ àti aboyún. Bí àrá bá ń sán, ẹ kúrò lábẹ́ igi àti lábẹ́ àtíbàbà onírin, kí ẹ wọ inú ilé tàbí inú ọkọ̀.

Bí ṣáláńgá kò bá tó, tí ọṣẹ àti omi kò sì sí nítòsí rẹ̀, onígbáméjì kò jìnnà. Omi tí a fi ń ṣe àlùwàlá kì í ṣe omi mímu, àfi bí a bá mọ̀ pé ó mọ́. Oúnjẹ tí a sè láàárọ̀ tí ó wà nínú kúlà títí di òru ti lè bàjẹ́ láìyí àwọ̀ padà. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ da omi mímọ́ inú ọ̀rá méjì tí ó jẹ́ 50 sẹ̀ńtílítà pọ̀, kí ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré sí i, kí gbogbo ṣíbí náà wà ní ọ̀gbọọgba láìga. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée, kí ó mú un dání, kí ó sì sọ fún ẹnìkan ibi tí ó fi í sí. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà lóru dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́, tàbí dé ti LAUTECH àti ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọkọ̀ àlejò dí ọ̀nà náà.

Ọ̀NÀ ILÉ

Nǹkan bí 50 kìlómítà ni ó wà láàárín ìlú méjèèjì, gbogbo oníṣòwò tí ń ná ọ̀nà náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Awakọ̀ tí kò sun oorun mọ́jú kò sàn ju ọ̀mùtí lọ. Ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ fẹ́ bá ọjà òwúrọ̀ kí ẹ wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ kírun àárọ̀, kí awakọ̀ sùn fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ tó gbéra. Ọjà ọ̀la ń bẹ. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 112 sì ni ti pàjáwìrì.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin ìyá àṣáláátù, nígbà tí ẹ bá ń ka owó olórin, owó àtíbàbà àti owó aṣọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka owó omi, ti ṣáláńgá, ti nọ́ọ̀sì kan àti ti àwọn ọ̀dọ́ tí yóò dúró sí géètì mọ́ ọn. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ dín iye olórin kù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó gbé ẹ̀mí kan là, Àlùkùránì kà á sí ẹni tí ó gba gbogbo aráyé là, kò sì sí ibi tí a ti sọ pé orí mínbárì nìkan ni a ti lè rí irú ẹ̀san bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó dúró ti géètì títí ilẹ̀ fi mọ́ lè rí i níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba ṣàánú àwọn ọmọ Baṣọ̀run, kí Ó tu àwọn òbí wọn nínú, kí Ó sì mú wa lọ, kí Ó mú wa bọ̀. Àmín.