Fatúùṣì: Oúnjẹ Ewé Tútù Ìgbà Ìkórè ní Ilẹ̀ Lébánónì

Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì kì í ṣe àjèjì sí orúkọ Lébánónì. Láti orí òkè rẹ̀ ni a ti gé igi kédárì tí Sólómónì ọba fi kọ́ tẹ́ḿpìlì ní Jerúsálẹ́mù. Bẹ́ẹ̀ni orúkọ ọ̀pọ̀tọ́, àjàrà, ólífì àti pómégíránátì kò ṣàjèjì sí etí wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa kò tí ì fi ojú rí wọn lórí igi. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè pé, kí ni àwọn ará ilẹ̀ náà ń fi èso wọ̀nyí jẹ nígbà tí wọ́n bá pọ́n, díẹ̀ nínú wa ni yóò lè dáhùn. Nítorí náà ni a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní fatúùṣì. Ewé tútù ni, tí a pò mọ́ búrẹ́dì gbígbẹ, òróró àti omi èso kíkan.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kì í ṣe àlejò láàárín wa. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń wá ṣòwò sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kòráà ni àwọn bàbá wa ń pè wọ́n, òwò aṣọ ni a sì fi mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Títí di òní ni òpópónà kan wà ní Ìbàdàn tí ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wọn. A ti ra aṣọ lọ́wọ́ wọn pẹ́. Ó tọ́ kí a mọ ohun tí ó wà nínú àwo wọn pẹ̀lú.

ILẸ̀ NÁÀ ÀTI ÌGBÀ RẸ̀

Ilẹ̀ kékeré ni Lébánónì, ní etí òkun Mẹditaréníà. Òkè méjì ni ó nà gbọọrọ láti àríwá sí gúúsù, àfonífojì Bẹ̀káà sì wà láàárín wọn, níbi tí ilẹ̀ ọlọ́ràá pọ̀ sí. Orí òkè tí ó ga jùlọ níbẹ̀ tó 3,088 mítà, yìnyín a sì máa bò ó ní ìgbà òtútù.

Ìgbà wọn kò rí bí tiwa. Ní ìgbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa jùlọ, láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ni òòrùn ń mú lọ́dọ̀ wọn tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ìgbà ìwọ́wé a tẹ̀lé e, láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá. Nígbà náà ni òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tutù, tí àgbẹ̀ sì ń kó èrè làálàá rẹ̀. Pómégíránátì a là lórí igi. Àjàrà ìkẹyìn a wọlé. Ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, tọmọdé tàgbà a jáde lọ ká ólífì, wọn a tẹ́ aṣọ sí abẹ́ igi kí èso má baà bọ́ sínú erùpẹ̀. Àwọn obìnrin a máa pèsè oúnjẹ ìpamọ́ fún ìgbà òtútù, èyí tí wọ́n ń pè ní múúnè: wọn a sá èso lóòrùn, wọn a rẹ ólífì sínú omi iyọ̀, wọn a sì se omi pómégíránátì títí yóò fi ki bí oyin.

ÌDÍ TÍ BÚRẸ́DÌ FI WÀ NÍNÚ RẸ̀

Nínú èdè Lárúbáwá, orúkọ fatúùṣì bá ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí rírún búrẹ́dì wẹ́wẹ́ tan. Búrẹ́dì wọn rí pẹlẹbẹ, ó rí róbótó, ó sì ní ojú méjì tí a lè là bí àpò. Bí ó bá sùn mọ́jú, a gbẹ, kò sì dùn-ún jẹ mọ́. Ìyàwó ilé tí ó gbọ́n kì yóò sọ ọ́ nù. Yóò yan án lórí iná, yóò rún un, yóò sì fi í sínú ewé tútù, kí omi ewé àti òróró lè sọ ọ́ di ohun adùn. Bí àwa náà ti ń fi ẹ̀bà àná dá ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń fi búrẹ́dì àná ṣe.

Àwọn àgbà wa wí pé, bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ilẹ̀ Lébánónì ti rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2020, ohun abúgbàù bú ní èbúté Béírúùtì, ó sì ba àká ńlá tí wọ́n ń kó àlìkámà sí jẹ́. Owó wọn ti ń dínkù ní iye kí ó tó di ìgbà náà. Ní ọdún 2022, nígbà tí ogun dí ọ̀nà àlìkámà tí wọ́n ń rà láti Ukraine, àwọn ènìyàn tò ní ìlà gígùn níwájú ilé búrẹ́dì. Ẹni tí ó bá ti dúró báyìí kí ó tó rí búrẹ́dì kan kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ pé kí ó má ṣe sọ èérún rẹ̀ nù.

OHUN TÍ A Ó LÒ FÚN ÈNÌYÀN MẸ́RIN

Búrẹ́dì pẹlẹbẹ 2, létúùsì kékeré 1, kùkúḿbà 2, tòmátì tí ó le díẹ̀ 3, rádíìṣì 5, àlùbọ́sà eléwé 4, ìdì kan ewé páásílì, ìdì kékeré ewé mínti, ìdì kan ewé pápásan, èso pómégíránátì 1.

Fún omi ìpo rẹ̀: òróró ólífì ṣíbí ńlá 5, omi ọsàn kíkan ṣíbí ńlá 3, omi pómégíránátì tí a sè ki, ṣíbí ńlá 1, súmákì lílọ̀ ṣíbí ńlá 1, ojú ááyù 1, àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré.

Súmákì ni èso wẹ́wẹ́ pupa igi kékeré kan tí ń hù ní ẹ̀gbẹ́ òkè. A ń ká a ní ṣírí-ṣírí, a ń sá a gbẹ, a ń lọ̀ ọ́, a sì ń jọ̀ ọ́. Ó kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ kò le tó ti ọsàn. Òun ni ó ń fún fatúùṣì ní adùn tí a fi í mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà òòrùn, ọsàn kíkan àti súmákì tó fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbà ìwọ́wé bá dé tí pómégíránátì sì pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé a fi èso náà àti omi rẹ̀ kún un.

BÍ A TI Ń ṢE É

1. Kọ́kọ́ fọ gbogbo ewé gẹ́gẹ́ bí a ó ti ṣàlàyé nísàlẹ̀, kí o sì gbọn omi kúrò lára wọn. Tẹ́ wọn sórí aṣọ mímọ́ kí wọ́n lè gbẹ. Bí omi bá wà lára ewé, òróró kì yóò lẹ̀ mọ́ ọn, omi ìpo yóò sì ṣàn lọ sí ìdí àwo.

2. La búrẹ́dì sí ojú méjì, kí o yan án títí yóò fi pọ́n tí yóò sì máa ró pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Àwọn mìíràn a dín in nínú òróró, ṣùgbọ́n èyí tí a yan kì í wúwo nínú. Rún un sí ìwọ̀n tí ẹnu lè gbà.

3. Gígé pómégíránátì gba sùúrù. Fi ọ̀bẹ gé adé orí rẹ̀ kúrò, kí o fa ilà sí èèpo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, láìjẹ́ kí ọ̀bẹ wọ inú lọ. Kì í bọ inú àwo omi, kí o sì fi ọwọ́ là á níbẹ̀. Hóró pupa yóò rì sí ìsàlẹ̀, awọ funfun tí ó korò yóò sì léfòó. Kó awọ náà dànù, kí o sì sẹ́ hóró. Ṣọ́ra fún aṣọ rẹ, nítorí omi èso yìí kì í tètè bọ́ lára aṣọ.

4. Gé kùkúḿbà, tòmátì àti rádíìṣì. Má ṣe gé wọn wẹ́wẹ́ jù. Fatúùṣì kì í ṣe oúnjẹ tí a gé kúnná. Fi ọwọ́ ya létúùsì. Já ewé páásílì, mínti àti pápásan kúrò lára igi wọn tí ó le.

5. Gún ááyù pẹ̀lú iyọ̀ títí yóò fi kúnná. Da omi ọsàn, omi pómégíránátì àti súmákì sí i, kí o sì rò ó pọ̀ mọ́ òróró. Tọ́ ọ wò: ó yẹ kí kíkan rẹ̀ ṣáájú, kí adùn rẹ̀ tẹ̀lé e.

6. Nígbà tí àwọn tí yóò jẹun bá ti jókòó, kì í ṣe ṣáájú, da omi ìpo náà sórí ewé, kí o pò ó. Fi búrẹ́dì sí i kẹ́yìn, kí o sì wọ́n hóró pómégíránátì lé e lórí. Iyọ̀ a máa fa omi jáde lára ewé àti tòmátì. Bí a bá pò ó tipẹ́, ewé yóò rọ, búrẹ́dì yóò sì di ẹ̀kọ. Oúnjẹ yìí kì í dúró de ẹni. Ẹni ni ó ń dúró dè é.

ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ FÚN ARA

Fítámì C a máa bàjẹ́ nínú iná, ṣùgbọ́n ó wà pípé nínú ewé àti ọsàn tí a kò sè. Fítámì yìí a sì tún máa ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tí ó wà nínú ewé, èyí tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀. Òróró náà kì í ṣe fún adùn nìkan. Ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A, tí ó ṣe pàtàkì fún ojú, wà nínú ewé, òróró sì ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú ara.

Ní ti pápásan, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni ewé kékeré tí ó nípọn, tí igi rẹ̀ pọ́n, tí ń tẹ́ sílẹ̀ láàárín ebè, tí ẹ ń fi ọkọ́ ro dànù. Ní ọjà Lébánónì, owó ni a fi ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun méjì. Ìkíní, àwọn ewé olóró kan wà tí ó jọ ọ́ tí wọ́n sì ń tẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ igi rẹ̀ tí oje funfun bí wàrà sì jáde, kì í ṣe pápásan, ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ìkejì, kí ẹni tí ó ní òkúta nínú kíndìnrín má ṣe jẹ ẹ́ ní àjẹjù.

ÌKÌLỌ̀ NÍPA EWÉ TÍ A KÒ SÈ

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wúwo jùlọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fò ó. Nínú ọbẹ̀ wa, iná ni ó ń pa kòkòrò àrùn fún wa. Nínú oúnjẹ yìí kò sí iná. Bí a bá fi omi ẹlẹ́gbin bomi rin ewé, tàbí tí a fi ìgbẹ́ ènìyàn ṣe ajílẹ̀ rẹ̀, ẹyin aràn, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àrùn onígbáméjì lè bá ewé náà dé ẹnu.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ní ìgbà ìwọ́wé gan-an, àrùn onígbáméjì yọ ní ilẹ̀ Lébánónì, níbi tí a kò ti rí i mọ́ láti ọdún 1993. Ètò omi ti bàjẹ́ nítorí àìní owó àti àìsí iná mànàmáná, omi ẹlẹ́gbin sì dàpọ̀ mọ́ èyí tí àwọn ènìyàn ń lò. Ewé kan náà tí ó ń fún ara ní ìlera lè di ohun tí ń gbé ikú wọlé, bí omi kò bá mọ́.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ ó gé e lé. Ẹ má ṣe gé e lórí pákó tí ẹ ti gé ẹran tútù. Ẹ gé gbòǹgbò dànù, kí ẹ sì yọ ewé tí ó ti rà. Ẹ fọ ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní ìdì, nínú omi mímọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí iyanrìn kì yóò fi sí ní ìdí àwo mọ́. Kí omi ìkẹyìn jẹ́ èyí tí a ti sè tí a sì jẹ́ kí ó tutù. Àwọn kan gbàgbọ́ pé omi iyọ̀ tàbí ọtí kíkan ti tó. Ó lè dín kòkòrò kù, ṣùgbọ́n kò lè pa gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀lé kíkan ọsàn. Nígbà tí àrùn onígbáméjì bá sì wà ní àdúgbò, ẹ fi ewé tútù sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí a bá sè tí ó hó, tàbí èso tí a fi ọwọ́ ara wa bó, ni kí a jẹ, títí àrùn náà yóò fi kọjá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán oúnjẹ yìí wò nílé lè lo ọsàn wẹ́wẹ́ dípò ọsàn kíkan tiwọn, kí ó sì fi díẹ̀ kún un bí kò bá rí súmákì. Búrẹ́dì àná tí ó wà nínú àpótí, tí kò tí ì bu, yóò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Kí ó lọ sí oko rẹ̀, kí ó wo abẹ́ ẹ̀gẹ́, kí ó sì já pápásan tí ó fẹ́ ro dànù. Ṣùgbọ́n kí ó tó mú ọ̀bẹ, kí ó kọ́kọ́ gbé omi kaná.