Òjò Dídì àti Ẹ̀ka Igi: Fọ́tò Yíyà ní Ọgbà Washington Square

Nígbà tí òjò dídì bá rọ̀ sí ìlú New York, funfun kan náà ni ó máa ń bo gbogbo ọgbà ìgbafẹ́ Washington Square, láti orí koríko dé orí bẹ́ǹṣì àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, débi pé ẹni tí kò mọ bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́ lè rò pé kò sí ibi tí ó rọrùn láti yà ju ibẹ̀ lọ. Funfun yìí gan-an ni ó ń tan kámẹ́rà jẹ. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà pé ohunkóhun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà, èyí tí ojú ń rí bí àwọ̀ eérú. Bẹ́ẹ̀ òjò dídì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lè dá ju ìdá 80 lọ padà. Kámẹ́rà á wá dín ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé kù, òjò dídì á sì jáde nínú fọ́tò bí ohun tí wọ́n ku eérú lé lórí. Ayàwòrán tí ó mọṣẹ́ a máa fipá mú kámẹ́rà gba ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́rin iye tí ẹ̀rọ náà yàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe é jù, ipasẹ̀ àwọn tí ó gba orí òjò dídì kọjá kò ní hàn mọ́.

Ẹni tí ó yẹ kí a wo iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni André Kertész, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Hungary tí wọ́n bí ní Budapest ní 1894, tí ó gbé ní Paris kí ó tó dé New York ní 1936. Ní 1952, òun àti ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, kó lọ sí àjà kejìlá ilé kan ní òpópónà Fifth Avenue, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà náà, ibẹ̀ ni ó sì ń gbé títí ó fi kú ní 1985. Nínú fọ́tò tí ó yà láti òkè yẹn ní 1954, ẹ̀ka igi tí kò ní ewé àti ọgbà irin kúkúrú tí ó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ ni ó gba ojú àwòrán náà, ènìyàn kan ṣoṣo sì ń rìn lọ láàárín wọn. Nítorí pé òkè ni ó ti wo ilẹ̀, kò sí ojú ọ̀run nínú àwòrán rẹ̀, dúdú àwọn ẹ̀ka náà ni ó sì gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ìyẹn ni pé ohun tí kò funfun ni a ń wá kiri nígbà tí òjò dídì bá rọ̀. Àwọn kan ka ìyà sí ara iṣẹ́ náà, bí ayàwòrán Alfred Stieglitz tí ó sọ pé òun dúró fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta nínú ìjì òjò dídì ní Fifth Avenue kan náà ní oṣù Kejì ọdún 1893. Inú ilé tí ó móoru ni Kertész wà, fọ́tò tirẹ̀ kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dín níyì.

Oòrùn kì í ga púpọ̀ ní New York nígbà òtútù, ìdí nìyí tí òjìji fi ń gùn lórí ilẹ̀ àní lọ́sàn-án gangan. Àwọ̀ búlúù ni òjìji bẹ́ẹ̀ máa ń ní, torí pé ojú sánmà nìkan ni ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ibẹ̀ ti wá. Àwọn kan a máa yọ búlúù yìí kúrò, ṣùgbọ́n òun ni ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó ń wo fọ́tò mọ bí òtútù náà ṣe mú tó. Òtútù a sì máa dín agbára bátìrì kù, nítorí náà àpò inú aṣọ ni wọ́n ń tọ́jú èyí tí wọn kò tíì lò sí. Bí kámẹ́rà tí ó ti tutù bá wọ inú ilé, ìrì á bò ó bí ìgò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ọ̀rá dì í pinpin títí yóò fi móoru.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, láti ìparí oṣù Kẹta wọ oṣù Kẹrin, le fún ayàwòrán ju ìgbà òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Òjò dídì ti yọ́, ó ti di ẹrẹ̀, koríko kò tíì tutù yọ̀yọ̀, dúdú ẹ̀ka kò sì ní funfun tí yóò fi hàn mọ́. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí ayàwòrán sún mọ́ igi, kí ó jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀ka, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú ewé tútù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kọjá. Ó sì gbọ́dọ̀ yára, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ewé náà á ti nípọn, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní gba inú rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ mọ́.