Ẹja Inú Dígí: Ohun Tí Ojú Kò Rí Ni Ó Ń Fọ Omi

Ní oṣù yìí, a fẹ́ ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún tó kọjá, a ra àpótí dígí kan fún àwọn ọmọ, a sì kó ọmọ ẹja epìyà mẹ́fà sí i. Ọmọ wa obìnrin sọ gbogbo wọn lórúkọ. Akọ̀wé rélùwéè ni àwa, a kò fẹ́ rí ìdọ̀tí lórí tábìlì wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ rí i nínú omi náà. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a ó da omi nù tán, a ó fi ọṣẹ fọ yanrìn àti òkúta, a ó sì bu omi ẹ̀rọ tuntun sí i. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú. Ọmọ náà béèrè pé, "Bàbá mi, ta ni ó pa wọ́n?" A kò lè fèsì, nítorí àwa gan-an ni.

Ìgbà náà ni a tó wádìí. Ohun tí ẹja ń yà àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa di oró tí a ń pè ní amóníà. Kì í ṣe ọṣẹ ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀, bí kò ṣe àwọn bakitéríà tíntìntín tí ń gbé lára òkúta àti nínú yanrìn. Àwọn kan a sọ ọ́ di oró kejì. Àwọn mìíràn a sì sọ ìyẹn di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ ajílẹ̀ fún ewéko. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni ọṣẹ wa pa. Kílórínì inú omi ẹ̀rọ náà kì í sì ṣe ọ̀rẹ́ ẹja.

Ọkùnrin kan wà ní Jàkátà, ní Indonéṣíà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lee Chin Eng. Ní 1961, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan bí ó ti ń sin ẹja òkun àti iyùn ààyè nínú dígí láìlo ẹ̀rọ asẹ́mi kankan. Òkúta inú òkun pẹ̀lú àwọn ohun ẹlẹ́mìí ara rẹ̀, yanrìn, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ń hó nínú omi, òun náà nìyẹn.

Òkun jìnnà sí Barnawa, ṣùgbọ́n odò Kàdúná wà nítòsí, ọgbọ́n kan náà sì ni. A kó yanrìn àti òkúta odò, a fi omi lásán ṣàn wọ́n. Omi kànga ni a lò. Ẹni tí ó bá lo omi ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ láìdé fún ọjọ́ méjì. A da ojú-oró sí ojú omi náà lẹ́bàá fèrèsé, a sì ń ju ìwọ̀nba oúnjẹ ẹja sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí àwọn bakitéríà lè rí nǹkan jẹ. Lẹ́yìn náà ni a kó ẹja méjì sí i, kí a tó fi méjì kún un. Nísinsìnyí, ìdá márùn-ún omi ni a ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a kò sì fi ọṣẹ kan ohunkóhun mọ́. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹja wa kò mọ̀.

Oṣù mẹ́jọ nìyí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè. Wọn yóò dàgbà ju dígí lọ láìpẹ́, ìyá ilé sì ti ń wo ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ wọ́n lórúkọ kò gbà.

Ojú-oró ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á sí odò, nítorí kíá ni yóò bo ojú omi. Ìdílé tí ó bá fẹ́, kí ó gbé ike wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. A ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ yanrìn inú dígí wa, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ojú kò rí lè bá a délé.