Ọmọ Àlejò àti Orin Ìlú Tuntun

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Bí ó ti rí fún ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún etí rẹ̀: ó ń gbọ́ ohùn, kò mọ ìtumọ̀. Ìṣòro yìí a máa pọ̀ fún ọ̀dọ́ tí ó bá fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí òkè òkun. Àgbàlagbà ti mọ irú ẹni tí òun í ṣe kí ó tó gbéra nílé. Ọmọ ọdún 12 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ara rẹ̀ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, orin ni ó ń kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn Clive Campbell, ọmọ Jàmáíkà, fi èyí hàn kedere.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1955 ni a bí Clive ní Kingston, olú-ìlú Jàmáíkà. Ní àkókò náà, àwọn ará ìlú tí kò lówó ilé ijó a máa ṣe àríyá ní gbangba. Ẹnì kan yóò kó giramafóònù wá pẹ̀lú àwọn àpótí gàgàrà tí ohùn ń ti inú wọn jáde. Bí ó ti ń fi àwo orin kan tẹ̀lé òmíràn, ẹlòmíràn yóò máa sọ̀rọ̀ lé orin náà lórí, yóò máa ki àwọn oníjó, yóò sì máa dá àpárá. Clive kéré jù láti wọ agbo. Ìta ni ó ti ń wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọdé bá fi ojú ìyanu wò kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú lọ sí New York láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1967, Clive náà dé ibẹ̀. Òtútù àti yìnyín ni ó pàdé. Agbègbè Bronx tí wọ́n ń gbé kò rọgbọ: ìjọba ti wó ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n lè la títì ńlá kọjá láàárín rẹ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn tó o sì ń kó lọ síbòmíràn. Èyí tí ó dun Clive jù ni ti ahọ́n rẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ohùn Jàmáíkà tí ó fi ń sọ ọ́ kì í jẹ́ kí ó yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ni ọmọ yìí ṣe? Orin ni ó bá lọ. Ìyá rẹ̀ a máa mú un lọ sí òde àríyá, níbi tí ó ti ń gbọ́ orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà: orin The Temptations, ti Aretha Franklin àti ti James Brown. Nílé, a máa bá àwọn àwo orin bàbá rẹ̀ kọrin, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí ahọ́n rẹ̀ fi rọ̀ mọ́ èdè ibẹ̀. Báyìí ni orin ṣe di olùkọ́ fún un. Nílé ẹ̀kọ́, agbára rẹ̀ mú kí wọ́n máa pè é ní Hercules, òun náà sì sọ ara rẹ̀ di Kool Herc.

Bàbá rẹ̀, Keith, ra ẹ̀rọ ńlá kan tí ó ń lò pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin kan, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀rọ náà kò jáde tó bí ó ti yẹ. Ó kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kí ó má fọwọ́ kàn án. Clive kò lè mú un mọ́ra. Ó tú àwọn okùn rẹ̀, ó so wọ́n lọ́nà mìíràn, ohùn sì bú jáde bí àrá. Ẹnu ya bàbá, láti ìgbà náà ni ó sì ti jẹ́ kí ọmọ máa lo ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Cindy, ṣe àríyá kan nínú yàrá ìgbafẹ́ ilé gogoro tí wọ́n ń gbé, 1520 Sedgwick Avenue, kí ó lè rí owó ra aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Sẹ́ǹtì 25 ni obìnrin san, ọkùnrin san 50. Herc, ọmọ ọdún 18, ni ó ń yan orin. Orin Jàmáíkà ni ó kọ́kọ́ gbé sí i, ṣùgbọ́n agbo kò gbóná. Nígbà tí ó yí sí orin tí àwọn ọmọ Bronx mọ̀, gbogbo wọn dìde.

Herc tún ṣàkíyèsí ohun kan. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ibì kan wà tí akọrin àti fèrè máa ń dákẹ́, tí ìlù yóò gba ipò iwájú fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ògbóǹtarìgì oníjó ń dúró dè, kò sì í pẹ́ kí ó tó parí. Nítorí náà, ó wá àwo kan náà ní méjì, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù bá fẹ́ parí lórí èkíní, yóò gbé abẹ́rẹ́ èkejì lé ìbẹ̀rẹ̀ ìlù yẹn. Bí èkejì ti ń lọ, yóò dá èkíní padà sẹ́yìn. Báyìí ni ìlù ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ṣe di èyí tí a lè jó pẹ́ títí. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Coke La Rock, a sì máa ki àwọn oníjó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Kingston. Láti inú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni orin tí gbogbo ayé ń pè ní hip-hop lónìí ti jáde.

Kò rọrùn fún Herc lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1977, wọ́n fi ọ̀bẹ gún un níbi àríyá. Nígbà tí àwo orin hip-hop bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé láti ọdún 1979, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n jèrè rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ní ọdún 2023, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí Rock and Roll Hall of Fame ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ṣe kókó. Bí Herc bá ti takú sí orin ilé rẹ̀ nìkan, agbo ìbá tú mọ́ ọn lórí. Bí ó bá sì ti gbàgbé Kingston pátápátá, ìbá dà bí gbogbo àwọn tí ń lo àwo orin ní Bronx. Ó gba orin lọ́wọ́ àwọn onílé, ó sì fi ọgbọ́n tí ó gbé ti ilé wá lò ó. Àlejò tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ yóò ríran. Àwọn onílé pàápàá yóò tipasẹ̀ rẹ̀ rí ohun tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀.