Bí Wáyà Tẹlifóònù Ṣe Gbé Íntánẹ́ẹ̀tì Wọ Inú Ilé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lò lórí fóònù alágbèéká, ẹ má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1995 sí 2000, ńṣe ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ń pè é lórí tẹlifóònù ilé.

Yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà àti wáyà tẹlifóònù, ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń pè ní mọ́dẹ̀mù ni onílé nílò. Ohùn ènìyàn ni a ṣe wáyà náà fún. Kò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà. Mọ́dẹ̀mù ni ó ń sọ èdè náà di ìró, tí ó sì ń sọ ìró tí ó bá ti òdìkejì wá di èdè kọ̀ǹpútà padà. Onílé yóò kọ nọ́ḿbà ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mọ́dẹ̀mù yóò sì pe nọ́ḿbà náà. Ariwo tí ń han gooro nígbà náà kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́: àwọn mọ́dẹ̀mù méjèèjì ni ó ń fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ti yára tó.

Ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ni. Bí ọmọ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ń pe ìyá rẹ̀ yóò bá ọ̀nà ní dídí, àní bí ọ̀rọ̀ àìsàn ni ó fẹ́ sọ. Bí ẹnìkan bá gbé tẹlifóònù mìíràn nínú ilé, ìsopọ̀ lè já. Mọ́dẹ̀mù tí ó yára jù kò sì lè gba ju ẹyọ àmì 56,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan; orin kan lè gba ìṣẹ́jú 10 kí ó tó wọlé tán.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó le jù. Bí nọ́ḿbà tí onílé ń pè bá jẹ́ ti ìlú òkèèrè, owó ìpè ọ̀nà jíjìn ni yóò san, ìwé owó oṣù náà a sì máa dẹ́rù bani. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpè tí kò kúrò ní àdúgbò pàápàá a máa gba owó ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Nítorí náà, àwọn ọlọ́gbọ́n a kọ́kọ́ kọ lẹ́tà wọn tán, wọn a wá pe íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a fi í ránṣẹ́, wọn a kó èyí tí ó dé, wọn a sì gé ìpè náà kí wọn tó jókòó kà á.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ AOL ní Amẹ́ríkà sọ owó rẹ̀ di dọ́là 19.95 lóṣù, láìka wákàtí. Èrò ya bo ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò fi rí àyè wọlé. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà fi òpin sí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025.