Akọ Ni Tàbí Abo? Bí A Ṣe Ń Mọ Òròmọdìẹ Tí Yóò Di Àkùkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Kì í ṣe òógùn nìkan ni ìyẹ́ ń bò mọ́lẹ̀ lára adìẹ. Bí òròmọdìẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, akọ àti abo kò yàtọ̀ lójú ẹni tí kò mọ ohun tí yóò wò. Àìmọ̀ yìí ni ó pa ìran adìẹ ìyá ìyá mi run, òun náà ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, àrùn lùkúlùkú wọ agboolé wa, ó pa gbogbo adìẹ Ìyá Àgbà, ó ku àgbébọ̀ kan ṣoṣo. Àgbébọ̀ náà sàba, ó pa ọmọ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n àṣá gbé méje nínú wọn. Kò pẹ́ sí i ni ọkọ̀ tẹ ìyá wọn pa. Ìyá Àgbà wo àwọn méjì tí ó kù. Ọ̀kan ń ṣagídí, ó ń ṣá èkejì lẹ́nu. Èkejì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní, "Oníjà yìí, akọ ni. Èyí tí ó dákẹ́ yìí ni abo, òun ni yóò tún adìẹ ilé yìí bí." Wọ́n fi oníjà ṣe pàṣípààrọ̀ àgbàdo lọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan, wọ́n sì ní kí n máa tọ́jú èkejì. Mo sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́.

Wọ́n ní àkùkọ gàgàrà ní í dájọ́ fún ni láàárín ọ̀gànjọ́. Tiwa kò dúró di ọ̀gànjọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí Àṣàkẹ́ tó bí oṣù mẹ́rin ààbọ̀, ó gun orí odó, ó na ọrùn, ó sì kọ! Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀. Mo sáré dé ilé aládùúgbò. Wọ́n ti pa oníjà jẹ. Wọ́n ní ẹyin wẹ́wẹ́ ni àwọn bá nínú rẹ̀.

Kí ni à bá ti wò? Èkíní ni ogbe. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, ogbe akọ a máa tètè tóbi, a sì máa pọ́n, nígbà tí ti abo ṣì kéré, tí kò sì ní àwọ̀ pupa. Àmọ́ àwọn ọmọ ìyá kan náà, tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ni kí ẹ fi wé ara wọn. Èkejì ni ẹsẹ̀: ti akọ a máa nípọn ju ti abo lọ. Ẹ̀kẹta, tí ó dájú jù, ni ìyẹ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹ́ tuntun tí ó ń hù ní ọrùn àti ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn akọ a máa gùn, ẹnu rẹ̀ a ṣe ṣóńṣó, a sì máa dán. Ẹnu ti abo a máa rí róbótó. Lẹ́yìn èyí ni ìrù akọ yóò gùn tí yóò sì tẹ̀ kọdọrọ.

Ìjà kì í ṣe àmì. Akọ ń jà, abo náà ń jà, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó kò ní kí ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ akọ. Kí adìẹ tó yé ẹyin ni ọ̀rọ̀ ti parí. Láàárín ènìyàn, láti ọ̀dọ̀ baba ni ohun tí ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo ti ń wá; láàárín adìẹ, ọ̀dọ̀ ìyá ni.

Àwọn kan wà tí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí ẹyin pa. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan, Masui àti Hashimoto, fi hàn pé kókó kékeré kan wà nínú ihò ìdí òròmọdìẹ tí ó ń fi akọ hàn; ìwé wọn lórí rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1933. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ dán an wò, kí ó má baà ṣe òròmọdìẹ léṣe. Ní ti adìẹ òyìnbó pupa tí à ń sìn fún ẹyin, àwọ̀ ni wọ́n fi ń yà wọ́n: akọ a máa funfun bí ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, abo a máa pupa rẹ́súrẹ́sú.

Bí ó bá wá jẹ́ akọ ńkọ́? Ẹ má sọ ìrètí nù. Àkùkọ tí a ń gbé mọ́ra láti kékeré a máa mọ olówó rẹ̀. Mo ń fún tèmi ní àgbàdo, èérí ọkà, ikán àti omi tí ó mọ́, mo sì ń dé e mọ́ inú àgò ní alẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ bá a ṣeré ìjà, nítorí yóò gba eré náà gbọ́ nígbà tí ó bá dàgbà. Ẹ má ṣe so àkùkọ méjì pọ̀ sí ibi tóóró. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e. Ní ti lùkúlùkú, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín 1952 sí 1953. Kò ní oògùn bí ó bá ti dé, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. Ẹ bi oníṣègùn ẹran léèrè.

Ìyá Àgbà yí orúkọ Àṣàkẹ́ padà sí Àkànní. Kérésìmesì dé, wọn kò pa á, wọn kò sì tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní òròmọdìẹ méjì, tí ẹ fẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ ní sùúrù títí di ọ̀sẹ̀ 12, kí ẹ wo ìyẹ́ ọrùn wọn dáadáa, kí ẹ tó yan èyí tí yóò lọ.