Àtúnṣe sí Ohun Tí Mo Kọ́ Yín Nípa Ẹ̀sìn Síìkì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi láyé ìgbà tí mo ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sójú pátákó, mo jẹ yín ní gbèsè kan. Nínú ẹ̀kọ́ wa nípa àwọn ẹ̀sìn àgbáyé, wákàtí kan ṣoṣo ni mo máa ń fún ẹ̀sìn Síìkì. Mo máa ń sọ pé àwọn ará Punjab nílẹ̀ Íńdíà ló ni ín, pé àdàpọ̀ ẹ̀sìn Híńdù àti Ìsìláàmù ni, pé àwọn ọkùnrin wọn kì í gé irun, wọ́n sì ń wé láwàní. Ó tán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ dá a padà fún mi nínú ìdánwò, mo sì fún yín ní máàkì.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní London pè mí. Ó ní ilé ìsìn àwọn Síìkì kan wà ní Southall, lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ òun, òun sì yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ebi ń pa òun tí kò sì sówó lọ́wọ́. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà, kó fi nǹkan borí, kó jókòó. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni. Ó jẹun yó, ó wá ń retí ẹni tó máa fún un ní ìwé pélébé, tàbí tó máa sọ pé kó wá bá àwọn jọ́sìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó retí títí, kò rẹ́nì kankan. "Prof," ló wí, "kí ló wà lẹ́yìn oúnjẹ yẹn gan-an? Torí kò sí nínú ohun tẹ́ ẹ kọ́ wa."

Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń padà ka àwọn ìwé tó yẹ kí n ti kà nígbà yẹn, mo sì ti rí i pé "àdàpọ̀" tí mo ń pè é kì í ṣe àlàyé rárá. Ọ̀lẹ ló sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n san díẹ̀ nínú gbèsè náà.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ni mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀: sìn. Èèyàn ń sin Ọlọ́run, èèyàn ń sin òrìṣà, ìwọ̀fà ń sin olówó, aya ọba ń sin ọba. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó ń sin òrìṣà ní ayé àtijọ́, òun náà ló ń gbálẹ̀ ojúbọ, òun náà ló ń pọnmi síbẹ̀. Àwọn Síìkì ní ọ̀rọ̀ tiwọn, seva, bẹ́ ẹ bá sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀, ìsìn ni màá pè é, mi ò ní wá òmíràn. Ẹni tó ń fọ abọ́ nílé ìsìn wọn, ẹni tó ń gé àlùbọ́sà, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń nu bàtà àwọn tó wọlé, wọn ò ka ìyẹn sí ìmúrasílẹ̀ fún àdúrà. Ara àdúrà ni. Dókítà wà lára wọn, awakọ̀ takisí wà lára wọn.

Gúrù Nanak, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn yìí, ni wọ́n bí ní 1469, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Nankana Sahib lónìí, tó bọ́ sí Pakistan. (Gúrù, ẹ rántí, olùkọ́ ni. Mẹ́wàá ni wọ́n, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, kí ìwé mímọ́ wọn tó wá jókòó sórí ipò náà.) Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí Nanak jẹ́ ọ̀dọ́, bàbá rẹ̀ kó 20 rúpìì fún un pé kó lọ fi ṣòwò tó máa mérè wá. Ó pàdé àwọn olùfọkànsìn tí ebi ń pa lójú ọ̀nà, ó ra oúnjẹ fún gbogbo wọn, ó sì darí wálé lọ́wọ́ òfo. Ó ní òwò tó lérè jù nìyẹn. Bàbá rẹ̀ gbá a létí. Mo mọ ọ̀pọ̀ bàbá níbí tí ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòro sọ: máa rántí orúkọ Ọlọ́run, fi ọwọ́ ara rẹ ṣe iṣẹ́ tó mọ́, ohun tó o bá rí níbẹ̀, pín in jẹ. Kò ní kẹ́nikẹ́ni sá lọ sínú igbó lọ máa gbààwẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ dáko ní Kartarpur.

Oúnjẹ tí ọmọ wa jẹ ní Southall, langar ló ń jẹ́. Ẹ má pè é ní sàráà o. Nínú sàráà, ẹni tó ní ló ń ṣe é, ẹni tí kò ní ló ń gbà á, àdúrà sì ń lọ sórí ẹni tó ṣe é. Nínú langar, gbogbo ènìyàn ló ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ìlà kan, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń bù fún wọn, kò sì síbi tí wọ́n kó àga sí fún ọlọ́lá. Kí ẹ tó lè mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó, ẹ rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní Íńdíà ìgbà náà, ìdílé tí wọ́n bí ọ sí ló ń sọ iṣẹ́ tó o máa ṣe, ẹni tó o máa fẹ́, àti ọwọ́ tó o lè gba omi mu lára rẹ̀. Onípò gíga kì í bá onípò ìsàlẹ̀ jẹun. Àwọn Síìkì wá tẹ́ ẹní kan ṣoṣo sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ìtàn pé nígbà tí ọba Akbar wá kí Gúrù kẹta, Amar Das, òun náà jókòó sórí ìlà kó tó rí Gúrù. Lójú tèmi, ìwọ́de ni oúnjẹ yẹn, kí wọ́n tó máa gbé pátákó rìn láàárín ìgboro. Lónìí, ní Darbar Sahib, ilé ìsìn wọn tó lókìkí jù lọ ní Amritsar, àwọn tó ń jẹ ẹ́ lé ní 50,000 lójúmọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn Síìkì fúnra wọn ò tíì pa ẹ̀kọ́ yìí mọ́ tán. Ìwé mímọ́ wọn ní orin Ravidas nínú, ẹni tí iṣẹ́ awọ jẹ́ iṣẹ́ ìdílé rẹ̀, ó ní ti Kabir ahunṣọ, ó ní ti Farid tó jẹ́ Mùsùlùmí, gbogbo wọn sì ń forí balẹ̀ fún ìwé náà. Síbẹ̀, abúlé wà ní Punjab títí dòní tí àwọn onípò ìsàlẹ̀ ti ní ilé ìsìn tiwọn lọ́tọ̀, nítorí ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n nínú tàwọn yòókù. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí lójú pópó gbogbo, a mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Báwo wá ni ìsìn ṣe rìn láti ìdí ìkòkò dé ìdí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn? Ọdún méjì ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ní 1606, wọ́n fìyà jẹ Gúrù karùn-ún, Arjan, títí ó fi kú lọ́wọ́ ìjọba ọba Jahangir. Ọmọ rẹ̀, Hargobind, sán idà méjì mọ́ ìdí: ọ̀kan fún àṣẹ ayé, ọ̀kan fún àṣẹ ẹ̀mí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá ní òun mọ Ọlọ́run kò lè gbé ojú kúrò lára ohun tí ọba ń ṣe fún mẹ̀kúnnù. Ní 1675, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Híńdù láti Kashmir wá bá Gúrù kẹsàn-án, Tegh Bahadur, pé wọ́n ń fipá sọ àwọn di Mùsùlùmí. Gúrù gbà láti ṣojú wọn, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní Delhi. Ibi tó ń yà mí lẹ́nu nìyí: okùn mímọ́ tí àwọn Híńdù wọ̀nyẹn ń gbé kọ́ ọrùn, Nanak kọ̀ ọ́ láti kékeré. Tegh Bahadur kú kí ẹlòmíràn lè máa ṣe ohun tí òun ò gbà gbọ́. Ẹ fi ìyẹn síwájú "àdàpọ̀" tí mo kọ́ yín.

Nínú ayé tiwa, mo fẹ́ dárúkọ ẹni méjì. Àkọ́kọ́ ni Puran Singh, tí wọ́n bí ní 1904 sínú ìdílé Híńdù. Ilé ìsìn kan ní Lahore ló ti ń ṣe seva nígbà tí wọ́n gbé ọmọdékùnrin arọ kan síbẹ̀ ní 1934, tí àwọn òbí rẹ̀ sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n. Fún ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń pọ̀n ọ́n kiri. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, tí wọ́n ń pa ara wọn bí ẹran, ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ náà wà tó fi dé Amritsar. Níbẹ̀ ló dá Pingalwara sílẹ̀, ilé àwọn arọ, àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ àti àwọn tí ẹbí kọ̀. Ó tún ń tẹ ìwé kéékèèké nípa igi gígé àti omi tó ń bàjẹ́, ó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun kọlu Darbar Sahib ní 1984, ó dá oyè tí ìjọba fún un padà. Ó kú ní 1992.

Ẹnì kejì ni Jaswant Singh Khalra, tiẹ̀ ló sì ń dù mí jù. Lẹ́yìn 1984, Punjab dàrú. Àwọn ajàjàgbara tó ń pe ara wọn ní Síìkì ń pa ènìyàn, wọ́n ń fa èrò ọkọ̀ tó jẹ́ Híńdù sílẹ̀, wọ́n ń yìnbọn fún wọn. Àwọn ọlọ́pàá náà wá ń mú àwọn ọ̀dọ́ nílé, a kò sì rí wọn mọ́. Khalra ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Amritsar. Nígbà tó ń wá àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan tó sọnù, ó débi tí wọ́n ti ń sun òkú. Àṣà Síìkì ni láti sun òkú, ẹbí ló sì yẹ kó tiná bọ igi. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ibẹ̀, ó rí òkú tí àwọn ọlọ́pàá gbé wá pé kò ní ẹbí, àti igi tí wọ́n rà láti fi sun wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, kíkà. Iṣẹ́ akọ̀wé báńkì ló fi sin àwọn òkú yẹn.

Ní January 1995, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó lọ sí Kánádà lọ sọ ọ́. Níbẹ̀ ló ti pa ìtàn àtùpà kékeré kan fún wọn, tó dìde dojú kọ òkùnkùn lọ́jọ́ tí oòrùn kọ́kọ́ wọ̀. Ó lè jókòó síbẹ̀, kó ní kí wọ́n fún òun níbi ìsádi. Ó padà sílé. Ní ọjọ́ 6 September 1995, wọ́n gbé e níwájú ilé rẹ̀ níbi tó ti ń fọ mọ́tò. A ò rí òkú rẹ̀ dòní.

Ìyàwó rẹ̀, Paramjit Kaur, kò jẹ́ kọ́rọ̀ náà kú. Kóòtù tó ga jù lọ ní Íńdíà pàṣẹ pé kí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ wádìí ẹ̀. Wọ́n padà wá pẹ̀lú òkú 2,097, láti àgbègbè Amritsar nìkan: 585 ni wọ́n mọ̀ délédélé, 274 ni wọ́n mọ̀ díẹ̀, 1,238 kò lórúkọ. Ní 2005, wọ́n dá ọlọ́pàá mẹ́fà lẹ́bi lórí ti Khalra. Ní 2007, kóòtù gíga sọ ìjìyà mẹ́rin nínú wọn di ẹ̀wọ̀n gbére.

Àdúrà tí àwọn Síìkì ń gbà ní gbogbo ìjọsìn máa ń parí síbi tí wọ́n ti ń tọrọ ire fún gbogbo ayé, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni Khalra ti rí i pé òun kò lè fi 1,238 yẹn sílẹ̀ sínú eérú láìsí orúkọ.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ wa lórí fóònù, owó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní òun ti padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé òun béèrè ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, wọ́n sì nawọ́ síbẹ̀ fún òun láìbéèrè nǹkan kan. Ó ní bàbá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tó ń fi omi ṣan abọ́ irin, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi lọ́jọ́ orí, ó sì ń yára ju òun lọ.